Ohun Tí À Ń Fi sí Iṣu Nínú Odó

Ní ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, wọn kì í ṣàdédé fún èèyàn lẹ́ran. Bàbá wa á gbé àwo ẹran síwájú ara rẹ̀, á fi ṣíbí lu etí àwo, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbà á, ó gba ẹran. Ẹni tí kò bá gbà á, kó máa fi ẹ̀fọ́ yánrin jẹ iyán rẹ̀, kó máa wo ẹnu àwọn tó ń jẹran. Tíṣà ni Bàbá, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba ní kó lọ sinmi, àmọ́ nídìí tábìlì oúnjẹ, kò fẹ̀yìn tì títí tó fi kú.

Kò sí ibi tí ìbéèrè rẹ̀ kì í yà sí. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe ogun tí Èkìtì parapọ̀ jà ní Kírìjì? Kí ni wọ́n ń pe àwọn òṣèré tó ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú kí sinimá tó dé? Ewì wo ni àwọn obìnrin Èkìtì máa ń kọ níbi ìnáwó? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí wá ni ti gúgúrú? Lọ́jọ́ mìíràn, àlọ́ ni. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, á ní ká pe ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ ahọ́n pọ̀, ká pè é kíákíá láìkọsẹ̀, ọbẹ̀ á sì ti máa tutù.

Èmi ni àkọ́bí, mo sì tètè máa ń bínú. Bí ìbéèrè bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi báyìí, orí mi á ti gbóná, ohun tí mo mọ̀ dáadáa á sì sá kúrò níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, òun ló máa ń gba ìbéèrè mi mọ́ mi lọ́wọ́. Á dáhùn, Bàbá á mú ẹran mi sínú àwo rẹ̀, èmi á máa fẹ imú. Tí a bá jẹun tán, á wá bá mi lẹ́yìn kíṣìnnì, á la ọwọ́, ààbọ̀ ẹran náà á wà níbẹ̀, epo á ti ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀. Èmi á já a gbà. Mi ò ní dúpẹ́. Màá jẹ ẹ́ tán kí n tó rántí pé mò ń bínú.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo wa máa ń gbà. Ọjọ́ tí inú Bàbá bá dùn ló máa ń bi wá: kí là ń fi sí iṣu nínú odó kó tó di iyán? Gbogbo ilé á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé agbára ni. Bàbá gbà pé ọ̀lẹ ló ń wọ́n omi sí iṣu nínú odó. Ó ní ẹni tó bá ní apá, iṣu á fúnra rẹ̀ rọ̀ fún un. Ó tún ní ọmọ Èkìtì tí kò bá mọ ìdáhùn yẹn, kí wọ́n lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè ibi tó ti rí i. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bí mo ṣe gba Bíbélì gbọ́. Mo rò pé gbogbo ilé láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Emùré ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Àbúrò mi dàgbà di tíṣà bíi Bàbá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ Yorùbá ní ilé ìwé gírámà, ó sì wá di ẹni tí kì í lè jẹ́ kí àṣìṣe kọjá. Ó ti gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ alága ìjókòó rí níbi ìdána, nítorí pé obìnrin yẹn pe alámọ̀, ewì àwọn obìnrin Èkìtì, ní ẹkún ìyàwó. Ó ti dìde láàárín ìwàásù rí láti sọ pé Sílà ló bá Pọ́ọ̀lù wọ ẹ̀wọ̀n, kì í ṣe Bánábà. Èmi ni mo fa búbà rẹ̀ tó fi jókòó. Mo ní ṣé ìwọ ni Ọlọ́run rán ní iṣẹ́ yẹn ni? Ó ní rárá o, àmọ́ kì í ṣe Bánábà.

Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń pa á lẹ́nu mọ́, èémí ni. Ikọ́ fée ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku bá ti bo ewé kòkó, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Bàbá ló mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí kò tíì sí oògùn gidi lọ́wọ́ wa. Á gbé e lé itan, á máa bi í ní ìbéèrè wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, díẹ̀díẹ̀. Bí Bàbá bá ń bi í, kó máa fa èémí sínú. Bó bá ń dáhùn, kó máa tú u jáde. Kò gbọ́dọ̀ yára. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa wò wọ́n, àyà mi á máa já. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní inhéla ní ọsibítù, ike búlúù kékeré tó máa ń fín sí ọ̀fun, láti ìgbà náà kì í sì í jáde láìmú un dání. Inú àpò ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wà.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Emùré fẹ́ ṣe ìdíje ìbéèrè, wọ́n sì bẹ àbúrò mi pé kó wá bá wọn darí rẹ̀. Ó ní kí èmi náà bá òun lọ, nítorí pé èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa àwọn ọmọ aláriwo lẹ́nu mọ́. A wọ takisí ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ̀rù ọ̀nà náà ti ń bà mí kí n tó wọkọ̀, mi ò ní purọ́. Ní ayé tí a wà yìí, kò sẹ́ni tó ń gba àárín igbó kòkó kọjá tí kì í kọ́kọ́ gbàdúrà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kìlọ̀ ní ọjà, wọ́n kìlọ̀ lórí rédíò. Wọ́n ní àwọn ajínigbé gbọ́n ju bí a ṣe rò lọ. Wọ́n á yìnbọn, èèyàn á sá wọgbó, wọ́n á wá tẹ̀ lé e wọgbó, wọ́n á máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè é pé kó jáde wá, fijilántè tó ń ṣọ́ ìlú ni àwọn, ogun ti tán. Ẹni tó bá jáde ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n tún ní ọmọ ilẹ̀ wà láàárín wọn, ẹni tó ń sọ èdè wa ketekete. Ìyá wa kúkú ti sọ fún wa tipẹ́ pé bí a bá gbọ́ ìpè nínú oko tí a ò rí ẹni tó ń pè, ká má jẹ́.

Àbúrò mi ò bẹ̀rù. Nínú mọ́tò, ó ń fi ìbéèrè tó fẹ́ bi àwọn ọmọ yẹn dán àwọn èrò wò. Bàbá kan tó jókòó níwájú gba ti alárìnjó, ó sì ń yangàn. Ìyá kan gba ti alámọ̀, ó tiẹ̀ fẹ́ẹ́ máa kọ ọ́. Nígbà tí a kọjá Ìsẹ̀, ara ti rọ gbogbo wa, èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. A ti ń sún mọ́ ẹ̀bá Ọ̀rùn, níbi tí igi kòkó ti ti ọ̀tún àti òsì bo títì, nígbà tó bi dírẹ́bà pé kí ló dé tí wọ́n fi pe ogun yẹn ní Kírìjì. Dírẹ́bà ní òun ò mọ̀. Àbúrò mi ní ìró ìbọn ńlá tí wọ́n fi jà á ni, pé bó ṣe ń dún létí àwọn èèyàn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ.

Kò pẹ́ rárá tí àwa náà fi gbọ́ ìbọn. Kò dún bíi kírìjì. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ igi gbígbẹ, àmọ́ kò dáwọ́ dúró. Mọ́tò tó wà níwájú wa yà bàrá, ó dábùú títì. Dírẹ́bà wa tẹ bíréèkì, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní ká sá, ká fi ẹrù sílẹ̀. Ìgbà tí mo máa mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti di ọwọ́ àbúrò mi mú, a ti wà nínú kòkó, ẹ̀ka ń gbá wa lójú, bàtà mi kan ti bọ́. Àwọn tí a jọ wọkọ̀ sá gba òdìkejì títì. Mi ò rí wọn mọ́.

Ẹni tó bá mọ oko kòkó nígbà ọyẹ́ á mọ ohun tí ojú wa rí. Ewé gbígbẹ ló bo gbogbo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tí o bá gbé, á dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá ọ. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn òkìtì èèpo kòkó kan tó ti ń jẹrà, mo fà á wólẹ̀, a dọ̀bálẹ̀. Òórùn èèpo yẹn ṣì máa ń wọ̀ mí nímú títí dòní. Ìbọn ti dákẹ́. Nígbà náà ni mo gbọ́ ìró mìíràn, mo kọ́kọ́ rò pé ẹyẹ ni.

Àyà àbúrò mi ló ń súfèé. Ó yíjú sí mi, ó fọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń ṣí sípù àpò. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sí àpò níbẹ̀. Àpò wà nínú mọ́tò, inhéla wà nínú àpò, mọ́tò sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ní ìbọn.

Mo ti bẹ̀rù rí láyé mi, mo ti bẹ̀rù ejò, mo ti bẹ̀rù ìrọbí, àmọ́ gbogbo ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹ̀rù ni kí o dọ̀bálẹ̀ ti ẹni tí o fi ẹ̀yìn rẹ pọ̀n, kí o máa gbàdúrà pé kó mí, kí o sì tún máa gbàdúrà pé kó má mí sókè. Mo fẹ́ tọ̀. Mo tọ̀.

Mo wá ṣe ohun tí Bàbá máa ń ṣe. Mo fi ẹnu kan etí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́. Kí ni wọ́n ń pe àwọn òṣèré ayé àtijọ́? Ó fa èémí, ó tú u, ó ní alárìnjó. Mo dúró díẹ̀. Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ó ní ẹ̀wà. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ ó ní ẹ̀wà. Mo bi í ní ti gúgúrú, ó ní kẹ́nu má dilẹ̀, ó sì dá a sí méjì kó tó parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò fi ẹnu dáhùn mọ́, orí ló ń mì.

Mo pàlọ́ fún un pé awẹ́ obì kan, à jẹ dỌ́yọ̀ọ́. Gbogbo ọmọ tó ti pàlọ́ rí ló mọ̀ pé ahọ́n ni. Ó la ẹnu, ó yọ ahọ́n rẹ̀ fún mi. Bó ṣe dáhùn nìyẹn. Ahọ́n náà ti ń dúdú. Mo wo ètè rẹ̀, ó rí bí eérú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé tí a bá dúró síbẹ̀, àbúrò mi máa kú sí mi lọ́wọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni yìnbọn fún un.

Kò sí ọ̀nà tí n bá gbé e gbà. Ó sanra jù mí lọ, títì kò sì ṣeé padà sí. Mo ṣì ń rò ó nígbà tí mo gbọ́ ewé tó ń dún. Ẹsẹ̀ èèyàn ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnì kan. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń dúró, wọ́n tún ń rìn. Ohùn ọkùnrin kan pè, ó dún bí àgbàlagbà, Èkìtì ló sì ń sọ.

“Ẹ jáde wá o. Fijilántè Ọ̀rùn ni wá. Wọ́n ti sá lọ.”

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kìlọ̀ fún wa gan-an nìyẹn, bí ẹni kọ́ ọ sórí. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ìyè dé. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, wọ́n á mú àwa méjèèjì, àbúrò mi ò sì ní dé ibi tí wọ́n ń mú wa lọ. Ọkùnrin yẹn tún pè. Ó ti ń kọjá lọ díẹ̀díẹ̀. Mo rí i pé tí mi ò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lọ, yálà wọ́n jẹ́ tiwa tàbí wọn ò jẹ́ tiwa.

Mo sọ fún àbúrò mi létí pé kò gbọ́dọ̀ dún. Mo ní ohunkóhun tó bá gbọ́, kó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Mo wá ń fi àyà wọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láàárín ewé gbígbẹ, títí mo fi dé ìdí igi kòkó kan tó jìnnà díẹ̀. Mo rò ó pé tó bá jẹ́ ajínigbé ni wọ́n, èmi nìkan ni wọ́n á rí. Wọ́n á mú mi lọ, dírẹ́bà lè padà wá, ó lè rí i, ó lè mú àpò bọ̀. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mi ò rò ó já, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rò ó já.

Mo wá ń wá ohun tí mo lè bi wọ́n. Orí mi gbóná bíi ti àtijọ́, gbogbo ohun tí mo mọ̀ sì sá lọ, bí ìgbà tí Bàbá ń fi ṣíbí lu àwo. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí kò sá. Mo ní kí ẹ tó wá bá mi, ẹ dá mi lóhùn. “Kí là ń fi sí iṣu nínú odó kó tó di iyán?”

Ẹsẹ̀ wọn dúró. Ọkùnrin náà ní kí ni mo wí. Mo tún un sọ.

“Omi,” ó ní.

Omi. Ọmọ Èkìtì kan ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ti sọ ọ́ fún mi láti kékeré, nídìí tábìlì, níwájú ẹran. Mo mọ̀ pé ó ti tán fún mi. Mo di igi kòkó yẹn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ní Olúwa, kí wọ́n má yà sí ẹ̀yìn òkìtì yẹn. Kí wọ́n wá mú mi kíá, kí a máa lọ.

Àfi bí ohùn kan ṣe jáde láti ẹ̀yìn òkìtì èèpo.

“Agbára ni.”

Àbúrò mi ni. Mi ò mọ ibi tó ti rí èémí tó fi sọ ọ́. Ó sọ ọ́ sókè, ketekete, bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì pé agbára ni. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ gbé e.

Mo gbọ́ tí àwọn ọkùnrin yẹn yí padà. Ewé ń dún, wọ́n ń lọ síbi tó wà. Àmọ́ ẹni tó dáhùn yẹn kò sáré, ó ń rojọ́ bó ṣe ń lọ. Ó ní, “Agbára báwo? Uṣu tuntun ni wọn kì í wọ́n omi sí. Uṣu inú ọ̀gbẹlẹ̀ tó ti gbẹ, ta ló fẹ́ gún un láìfi omi sí i? Ìyé mi tó bí mi ń fi omi sí i.” Ẹlòmíràn dá a lóhùn lẹ́yìn pé kó má dá wọn lóhùn, pé ohùn ará Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn, àwọn ni wọ́n máa ń jiyàn báyìí.

Ọlọ́run, ìgbà yẹn ni mo mọ̀. Kò sí ajínigbé tó máa dúró sínú igbó, pẹ̀lú ìbọn léjìká, kó máa jiyàn lórí iyán. Àwọn ará ilé wa nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Mo fò dìde. Mo ń sunkún, mo ń sáré, mo ń pariwo pé ikọ́ fée ni, ikọ́ fée ni, ẹ gbà mí, ikọ́ fée ni.

Ọkùnrin àgbàlagbà tó dáhùn pé omi yẹn ló gbé àbúrò mi pọ̀n, ó fi ìbọn rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. A bá mọ́tò wa níbi tí a fi í sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ajínigbé kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀, mọ́tò iwájú ni wọ́n dojú kọ, wọ́n sì kó àwọn kan lọ níbẹ̀. A dúpẹ́, àwọn tí wọ́n kó lọ padà sílé wọn nígbà tó yá. Mo fi inhéla sí àbúrò mi lẹ́nu, mo fín in, kò wọlé dáadáa, mo tún un fín. Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Ìsẹ̀, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, mo fi apá méjèèjì gbá a mọ́ dírẹ́bà ọ̀kadà. Bí mo ṣe ń gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń súfèé, mò ń dúpẹ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni mò ń kú.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Nígbà tí dókítà jáde, tó ní ó ti ń mí, mo jókòó sórí ilẹ̀ ọsibítù. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ mi.

Èèyàn ò lè máa gbé ẹ̀rù kiri bẹ́ẹ̀ lọ títí. Bí ara rẹ̀ ṣe ń le ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo sọ ọ́ ní ibi iṣẹ́, mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí a lọ dúpẹ́, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Mo ní ẹ wo àbúrò mi, ẹni tí èémí ti tán lára rẹ̀, tí ikú ti dúró tì í, kò lè jẹ́ kí ìdáhùn tí kò tọ́ kọjá. Mo ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àmọ́ tiwa kó ìyè bá wa. Bí mo bá dé ibi tí ọkùnrin yẹn ti ń rojọ́ omi, màá fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́. Alàgbà wa kan ní òun náà ń wọ́n omi sí i. Mo wá rí i pé ìdajì ìlú ló ń wọ́n omi sí i, ilé tiwa nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ agbára. Èyí tún bọ́ sínú ẹ̀fẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ ọdún tuntun, a pé jọ sí ilé Bàbá ní Ìkẹ́rẹ́. Èmi ni mo gún iyán, mi ò fi omi sí i, apá mi fẹ́ẹ̀ já. Àwọn àlejò tún ní kí n sọ ìtàn yẹn, mo sọ ọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nídìí tábìlì, kò dá sí i. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé àwo oúnjẹ tèmi lọ sẹ́yìn kíṣìnnì kí n lè jókòó jẹun. Ó tẹ̀ lé mi wá síbẹ̀.

“Àǹtí mi,” ó ní, “ẹ má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Mo rò pé ojú ló ń tì í. Mo ní kí ló wà níbẹ̀, ṣé kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn? Ó ní kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn. Ó jókòó tì mí lórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀.

“Nígbà tó ní omi, mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn tiwa. Mo ní wọ́n ti rí yín nìyẹn. Èmi sì ti ń kú lọ ní tèmi. Mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi, kí wọ́n yà sọ́dọ̀ mi, kí ẹ̀yin lè ráyè sá.”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ agbára, kí ló dé tí kò kàn pariwo. Ó ní òun ò mọ̀, pé ohun tó wà lẹ́nu òun nìyẹn, àti pé èémí tó kù kò tó fún ariwo. Ó ní ó ń dun òun pé mi ò sá.

Ẹ̀rù tó bà mí lẹ́yìn kíṣìnnì yẹn ju èyí tó bà mí nínú igbó lọ. Nínú oòrùn ni, nínú ilé bàbá mi, níbi tí kò sí ìbọn kankan. Mo ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀. Ẹran kan wà nínú àwo mi tí mi ò tíì jẹ, èyí tó tóbi jù. Mo mú un, mo fi sí i lọ́wọ́, epo ń ro sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó dúró, ó ń retí ìbéèrè.

Mo ní kó jẹ ẹ́.